Ìgbì inú táǹkì ẹja mi kì í dúró: ṣé kí n ra ẹ̀rọ kejì ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní táǹkì ẹja olómi iyọ̀ kan nílé. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, omi inú rẹ̀ sì jìn tó 50. Ẹja clownfish méjì àti coral rírọ̀ mélòó kan (ẹ̀dá inú òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta) ló wà níbẹ̀. Mo ra wavemaker kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti omi kó lè dá ìgbì sílẹ̀, tí wọ́n kọ lítà 8,000 ní wákàtí kan sí lára. Lọ́jọ́ tí mo bá bu omi kún táǹkì, ìgbì máa ń gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, omi á kàn máa gbọ̀n lásán. Mo ti gbé agbára ẹ̀rọ náà dé òpin. Iyanrìn ló kàn ń gbẹ́, àwọn ẹja sì ti sá sẹ́yìn òkúta. Ṣé kí n ra ìkejì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ̀rọ yín kò kéré, ó tilẹ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ. Omi inú táǹkì yín kò ju lítà 270, kí òkúta àti iyanrìn tó gba àyè tiwọn. Coral rírọ̀ kì í sábà béèrè ju ìlọ́po 10 sí 20 omi táǹkì láàárín wákàtí kan. Ti ẹ̀rọ yín ti sún mọ́ ìlọ́po 30. Àkókò ló ń dà yín láàmú.

Ẹ rántí ọmọ tó jókòó sórí jangirọ́fà. Bí ẹ bá tì í gẹ́lẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa padà lọ, ìka méjì tó láti gbé e dé òkè. Bí ẹ bá tì í nígbà tó ń bọ̀ wá bá yín, bó ti wù kí ẹ lágbára tó, ńṣe lẹ máa dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà lomi. Táǹkì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí omi rẹ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Bí táǹkì bá ṣe gùn tó ni ìlọ-àti-àbọ̀ náà ṣe máa ń pẹ́ tó. Bí omi bá sì ṣe jìn tó ni ó ṣe máa ń yá tó. Irú tiyín yìí máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.3. Táǹkì kékeré tó gùn ní 60, tí omi rẹ̀ jìn ní 30, kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún náà nìyẹn. Omi ti fà, kò jìn tó ti tẹ́lẹ̀, ìlọ-àti-àbọ̀ rẹ̀ ti gùn díẹ̀, ẹ̀rọ sì ń tì í ní àkókò àná. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ìgbì kì í fojú fo irú rẹ̀. Ẹ fi teepu sàmì sára dígí níta, kí ẹ máa bu omi kún un lójoojúmọ́ dé ojú àmì náà. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ lò, torí iyọ̀ kì í bá omi fà lọ.

Ẹ wá wọn àkókò táǹkì yín fúnra yín, nítorí òkúta inú rẹ̀ lè yí 1.3 yẹn padà díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹ̀rọ inú omi kúrò lára iná kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ mú àwo pẹlẹbẹ oníke tó mọ́, tí kò sí ọṣẹ lára rẹ̀, kí ẹ dúró sí apá tó kúrú, kí ẹ máa fi tẹ omi jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa gbé e. Nígbà tí ọwọ́ yín bá bá omi mu, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára: omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé àwo náà padà sí yín lọ́wọ́. Ẹ yọ àwo, ẹ tẹ aago fóònù yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí omi gòkè lára dígí ní apá kan náà. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bá gba ìṣẹ́jú àáyá 13, 1.3 nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ti omi fún ìdajì àkókò náà, kó sinmi fún ìdajì tó kù: 0.65 iṣẹ́, 0.65 ìsinmi. Àwọn rìmóòtù kan ń fi odindi ìlọ-àti-àbọ̀ hàn, àwọn míì ń fi ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ nìkan hàn. Bí tiyín bá jẹ́ irú kejì, tí ẹ sì tẹ 1.3 sí i, ìlọ́po méjì àkókò lẹ fún un. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì yíyí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ fi etí ka ìró rẹ̀ pẹ̀lú aago.

Ẹ gbé ẹ̀rọ sí dígí apá tó kúrú, kó kọjú sí èkejì, kó jìnnà sí iyanrìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan, torí ìgbì kì í ga lẹ́ẹ̀kan náà. Apá méjèèjì ni kí ẹ máa wò. Ojú omi àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ńṣe ló ń lọ síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni coral ti máa ń jó jù.

Ẹ má jẹ́ kí omi gòkè ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Mo bẹ̀ yín lórí èyí. Mo ti gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ rí nílé oníbàárà kan nítorí pé ó dùn ún wò. Mo rí i pé tábìlì tó gbé táǹkì ń mì díẹ̀, mi ò sì dá ẹ̀rọ náà dúró. Ní oṣù kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lójú ibi tí wọ́n fi sílíkóònù lẹ̀ pọ̀. Omi tó lé ní kìlógíráàmù 200 ló máa ń sún síwá sẹ́yìn nínú irú tiyín, bí ìgbà 46 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé ife omi kan lé orí tábìlì náà. Bí ojú omi inú ife bá ń gbọ̀n, ẹ pa ìgbì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tábìlì rinlẹ̀ ná. Kí wáyà náà kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè lọ bá a, kí omi tó bá ń sàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀.

Lóṣooṣù, ẹ tú ẹ̀rọ náà, kí ẹ rì í sínú fínígà tí ẹ fi omi là fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹfun tó bá gbá mọ́ ọn máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó yí. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sára teepu, torí bí NEPA bá mú iná lọ tó sì dá a padà, rìmóòtù mìíràn á gbàgbé. Bó bá jẹ́ inverter lẹ ń lò lóru, ẹ má dá ìgbì rárá; ẹ kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ru ojú omi jẹ́jẹ́, kí àwọn ẹja lè rí èémí.

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan. Bí àwọn clownfish bá jáde sí iwájú, tí orí coral ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi í síbẹ̀. Bí coral bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, tí kò ṣí, ẹ tún dín agbára náà kù.