Èsì: Okùn wọ ihò láptọ́ọ̀pù rẹ́gí, àmọ́ iná ò tó

Àbúrò, o ní okùn fóònù rẹ wọ ihò láptọ́ọ̀pù rẹ rẹ́gí, síbẹ̀ bátìrì ń lọ sílẹ̀ bó o ṣe ń ṣiṣẹ́. Ihò USB-C kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ okùn ò dọ́gba. Èyí tí kò ní ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ agbára okùn fún ṣájà lórí rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbé ju ámpù 3 lọ, ìyẹn wáàtì 60 ní fóòtì 20 (20V). Bí láptọ́ọ̀pù rẹ bá ń fẹ́ wáàtì 100, okùn ámpù 5 ni kó o wá. Àwọn tó ń gbé wáàtì 240 ti wà nínú ìlànà USB láti 2021. Yẹ ara ṣájà náà wò pẹ̀lú: bí 20V ò bá sí níbi tí wọ́n kọ Output sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti fóònù lásán.

Jọ̀ọ́, má ra olówó pọ́ọ́kú. Èyí tí mo rà ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbóná títí ahọ́n tín-ín-rín tó wà láàárín ihò fi dúdú. Ó dùn mí gan-an.

Eruku ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń dí ihò. Pa ẹ̀rọ, tan tọ́ọ̀ṣì sí i, fi igi ìtayín yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Má lo abẹ́rẹ́ o!