Ọmú tó ti gbẹ, ṣé ó tún lè sun wàrà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi pé oṣù méjì ààbọ̀. Àìsàn dá mi wó lẹ́yìn ìbímọ, ni wọ́n bá ń fún un ní wàrà agolo, à ń pò ó ṣàn kó lè tọ́jọ́. Ọmọ gbẹ hangogo, wọ́n sì ti dá wa dúró sí ọsibítù. Wọ́n ní kí n máa fi ọmú àti rọ́bà kan sí i lẹ́nu. Ọmú tó ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ni ọmọ fẹ́ fà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Inú rọ́bà yẹn ló ti máa kọ́kọ́ rí wàrà fà. Fífà tí ọmọ ń fa ọmú ló ń sọ fún ọpọlọ ìyá pé kí wàrà wá, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lókun kò ní fa ọmú gbígbẹ pẹ́ tí yóò fi tu ú, tí yóò máa ké. Ẹ̀tàn ni rọ́bà.

Wọ́n á lẹ ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ orí ọmú yín, wọ́n á ki ìdí rẹ̀ bọ ife wàrà, ọmọ á sì gbá méjèèjì mọ́ ẹnu. Ẹni tó gbé ife dání ni kí ẹ ṣọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ife fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 rẹlẹ̀ ju orí ọmú lọ. Bó bá ga jù ú lọ, wàrà á ya wọ ọ̀fun ọmọ, ó sì lè pá a lórí. Bó bá ti ń lókun, ẹ máa rẹ ife sílẹ̀ títí dé 30. Ó lè gbà á tó ọjọ́ méjì kó tó mọ́ ọn lára; díẹ̀díẹ̀ ni wàrà á máa padà sí yín láyà. Ìyá tó ti ṣe é yege ni mo máa ń ní kó jókòó ti ìyá tuntun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọlé ju tèmi lọ.

Ọmú lásán ló ń ṣáájú, ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú 20, tọ̀sán tòru. Tó bá di ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, ó kan rọ́bà.

Ọsibítù ló ń wọn wàrà ife, wọn kò sì ní fi kún un bí ọmọ ṣe ń sanra. Èyí máa ń bí àwọn ìyá àgbà nínú, wọ́n á ní à ń febi pa ọmọ. Òṣùwọ̀n là ń wò o. Bí wàrà ife kò bá pọ̀ sí i, tí ọmọ sì ń fi gíráàmù 20 kún un lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ibo ló ti ń rí i bí kò ṣe lára ọmú? Wọ́n á wá dín ti ife kù sí ìlàjì. Bó bá ṣì ń fi 10 kún un, wọ́n á dá ife dúró.

Ẹ jẹun dáadáa, ẹ mu omi tó lítà 2 lójúmọ́, ẹ gbé fídà jìnnà sí ọmọ. Ẹ má sì tìtorí rọ́bà gbé e lọ sílé: àrùn lè wà lára ọmọ tó gbẹ báyìí kí ara rẹ̀ má gbóná rárá.

Bó bá ń ṣẹ́ wàrà kù sínú ife, tí òṣùwọ̀n ṣì ń gòkè, ẹ má fipá mú un mu ún tán.