Báwo Ni Ó Ṣe Yẹ Kí Ẹ Wa Jíìpù Jìnnà Tó Láti Èkó Lọ Sójú Ọ̀nà Igbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sùúrùlérè là ń gbé, ọ̀rẹ́ márùn-ún ni wá, a sì fẹ́ràn ká máa wa jíìpù lójú ọ̀nà tí kò lọ́dà. Mẹ́ta nínú wa ń lo Toyota 4Runner 2005 tó ní ẹ́ńjìnnì V6, àwọn méjì yòókù ń lo Highlander. Àwọn kan ní etí òkun lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ti tó wa, ẹnì kan ní tí kì í bá ṣe Obudu, òun ò bá wa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ibi tá a máa lọ ṣe yẹ kó jìnnà tó kí owó àti wàhálà rẹ̀ má bàa já sásán? Kí la sì gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ má fi kìlómítà wọn ìrìn-àjò yìí, wákàtí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó kúrò ní Sùúrùlérè ní aago 5 ìdájí ọjọ́ Sátidé á ti máa sún mọ́ Ṣàgámù kí oòrùn tó là dáadáa. Ẹni tó dúró jẹun kó tó gbéra ní aago 8 ṣì lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger ní aago 10. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, tí èrò ń lọ fún ìsìn ní Redemption Camp, ẹ má gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà rárá.

Òṣùwọ̀n tí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò ni pé wákàtí tí ẹ máa lò lórí ọ̀dà, àlọ àti àbọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí tí ẹ máa lò nínú igbó tàbí lórí iyanrìn lọ. Tó bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárín wákàtí 2, tó bá pẹ́ tán 2 ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa sùn mọ́jú ọjọ́ kejì, wákàtí 4 ò pọ̀ jù. Ohun tó bá gbà ju wákàtí 8 lọ ní àlọ nìkan, ẹ gba ìsinmi ọjọ́ 4, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjókòó lásán lẹ máa lọ jókòó. Ẹ sì ṣírò rẹ̀ débi tí ẹ ó fi padà sórí ọ̀dà ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, torí kò sí oṣù kankan lọ́dọ̀ wa tí oòrùn ń pẹ́ kọjá nǹkan bí aago 7 kó tó wọ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ lóru. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé wà níbẹ̀, àmọ́ kòtò ọ̀nà àti tírélà tó bàjẹ́ sójú títì láìtan iná náà ń pààyàn.

Ìdí tá a fi le mọ́ òṣùwọ̀n yìí ni pé ọkọ̀ tó gbé yín lọ náà ló máa gbé yín bọ̀. Ní Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah lÁmẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Easter Jeep Safari, àpéjọ àwọn tó ń wa jíìpù, láti 1967, ẹ ó rí ẹni tó wa ọkọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 9 ni ètò yẹn fi ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gbé jíìpù wọn sórí tírélà tí ọkọ̀ míì ń fà. Bí ṣáfítì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí táyà, bá kán nínú àpáta, wọ́n á tún gbé e sórí tírélà, ó parí. Tí tiyín bá kán lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé Èkó, owó yẹn sì lè ju gbogbo owó ìrìn-àjò náà lọ.

Ká tó sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ ká wo àwọn Highlander méjì yẹn, torí ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ jù láàárín yín ló máa yan ọ̀nà fún gbogbo yín. Ọ̀pọ̀ Highlander tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: bí ẹ ò bá rí ṣáfítì gígùn tó ti ìdí gíà lọ sí díìfù, ìyẹn ilé gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, kò ní four-wheel, ẹ má sì mú un kúrò lórí ilẹ̀ pupa gbígbẹ. Èyí tó bá ní in náà, kò ní gíà kékeré tí wọ́n fi ń rọra fa ọkọ̀ gun òkè tàbí jáde nínú ẹrẹ̀, abẹ́ rẹ̀ kò sì ga nílẹ̀ tó ti 4Runner. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lé iyanrìn rírọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nínú àwọn kan, ohun tó ń pín agbára lọ sẹ́yìn lè gbóná, kó sì já ara rẹ̀ sílẹ̀. Iwájú nìkan ló kù yẹn. Ẹ yẹ àwọn 4Runner náà wò. Àwọn kan wà tí kò ní ṣáfítì lọ síwájú rárá, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.

Nítorí náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀yin márààrún, àwọn tó ní etí òkun ló jàre. Ẹ lọ sápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, àmọ́ kí àwọn Highlander dúró lórí ilẹ̀ líle; 4Runner tó bá ní four-wheel nìkan ni kó wọ iyanrìn rírọ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà etíkun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ti yí àwọn àbáwọlé kan padà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lọ wo ibẹ̀ ṣáájú, kó sì bá baálẹ̀ tàbí ẹbí tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má bàa dá yín dúró. Kẹ́ ẹ tó kan iyanrìn, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ láti 32 sí 16 tàbí 18 psi lórí géèjì. Táyà á tẹ́ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ á gùn, á lè léfòó lórí iyanrìn dípò kó máa gbẹ́ ẹ. Ní ipò yẹn, ẹ má sáré ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ, ẹ má sì já kọ́nà lójijì, torí etí táyà lè yọ kúrò lára rímù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí ọkọ̀ rọra dúró fúnra rẹ̀; bírékì ló ń kó iyanrìn jọ síwájú táyà. Bí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí yí lójú kan, ẹ fi epo sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí i, ikùn ọkọ̀ á jókòó sórí iyanrìn, ó di ṣọ́bìrì. Ẹ padà sẹ́yìn lójú ipa tẹ́ ẹ bá wá.

Iyanrìn tútù tó wà létí omi le, ó sì dùn ún wà, àmọ́ òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 25. Ọkọ̀ tó rì síbẹ̀ nígbà tí omi ń bọ̀ wá sókè kì í ní ààyè pípẹ́. Ẹ wọlé nígbà tí omi bá ń fà sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ti mọwọ́ iyanrìn, ibi tó kàn tí a máa ní kẹ́ ẹ lọ ni agbègbè igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá abúlé J4, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Ìrìn bíi wákàtí 3 ni, ó bá ọjọ́ méjì mu. Ẹ lè gba Ṣàgámù, tàbí tí ẹnì kan bá ń ti Erékùṣù Èkó bọ̀, kó gba Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Igbó ọba ni o. Àjọ UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tí wọ́n ń dáàbò bò láti 1977, erin ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó igbó fún ìjọba Ògùn, kẹ́ ẹ sì má kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n bá fi hàn yín. Àwọn ọkọ̀ agbégẹdú ti gbẹ́ ojú ọ̀nà ibẹ̀ di kòtò méjì gígùn. Ẹ má ki táyà méjèèjì bọ inú kòtò náà. Ẹ gbé táyà kan sórí gegele àárín, ẹ gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Láàárín oṣù 11 sí oṣù 3, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ le. Láti oṣù 4 lọ, òjò wákàtí kan lè sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé láàárọ̀ di ọ̀nà tí kò ṣeé gbà jáde. Highlander ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ lásìkò òjò.

Obudu ńkọ́? Ó ju kìlómítà 800 lọ láti Èkó, ibi àrímálèlọ sì ni lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó gun òkè lọ sí ibùdó màlúù (Obudu Cattle Ranch), ọ̀dà ni. Ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà igbó á ti rin ọjọ́ méjì kó tó tún bá ọ̀dà lórí òkè. Ẹ lọ síbẹ̀ fún ìgbafẹ́ pẹ̀lú ẹbí yín. Òkè Ìdànrè àti Adó-Àwáyè tí àwọn kan máa ń dárúkọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun àwọn yẹn. Mambila ní ìpínlẹ̀ Taraba ló ní ilẹ̀ tí jíìpù ń fẹ́, ó sì ju kìlómítà 1,000 lọ. Ẹ fi sílẹ̀ títí tí ẹ ó fi ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìròyìn tó dájú nípa ààbò ojú ọ̀nà, àti ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa.

Ní ti epo, 4Runner tó ru ẹrù máa ń mu nǹkan bíi lítà 15 ní kìlómítà 100 lórí ọ̀dà. Nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àlọ àbọ̀ J4 tó kìlómítà 300, lítà 45 nìyẹn. Kìlómítà 40 nínú igbó, lítà 12. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un nítorí gosiloo àti ojú ọ̀nà tí wọ́n bá dí, ó di bíi 71. Tánkì 4Runner yín gba lítà 87. Ẹ kún un ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ò nílò kẹ́ẹ̀gì epo nínú ọkọ̀ rárá, ó léwu.

Ọkọ̀ méjì ló kéré jù tó gbọ́dọ̀ jọ lọ. Ẹ mú nǹkan wọ̀nyí dání: Okùn ìfàkọ̀ tó nípọn, irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ara ọkọ̀, ṣọ́bìrì, pátákó tí ẹ máa fi gbé jáàkì lé, géèjì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, tó ń lo bátìrì ọkọ̀. Ojú ìhò irin tí wọ́n dè mọ́ férémù ni kẹ́ ẹ ti so okùn. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà láé: tó bá já, bí ọta ìbọn ló ń fò, ó sì ti pààyàn. Kí gbogbo èèyàn jìnnà sí okùn nígbà tí wọ́n bá ń fà á.

Àbọ̀ ni ọkọ̀ máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà padà dé 32 kẹ́ ẹ tó sáré lórí ọ̀dà, torí táyà rírọ̀ ń gbóná ní ẹ̀gbẹ́, á sì bẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ẹ má tíì sáré lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ inú rímù ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ fi igi ha á kúrò. Bí ooru ẹ́ńjìnnì bá ń gun òkè nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀nà márosẹ̀, tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó, ẹ wo iwájú rédíétọ̀: koríko àti ẹrẹ̀ ti dí i, ẹ fi omi tí kò lágbára jù fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ẹ bá ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà, igi ti ya búùtù ṣáfítì, ìyẹn rọ́bà tó bo ìsopọ̀ rẹ̀, gíríìsì ti jáde, iyanrìn ti wọlé. Ẹ rọra wà á délé. Búùtù tí ẹ bá tètè pààrọ̀ kò wọ́n. Ṣáfítì tó jẹ tán ló wọ́n.

Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, tó bá jẹ́ etí òkun lẹ ti ń bọ̀, ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí iyọ̀ ń jẹ páìpù bírékì. Tó bá jẹ́ pé ẹ la omi kọjá ni, ẹ ní kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì òkè díìfù iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó ki ìka bọ̀ ọ́. Díìfù tó gbóná tó wọ omi tútù máa ń fa omi sínú. Ọ́ìlì tó mọ́ dára. Tó bá ti funfun bí omi ògì, ẹ dà á nù lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi tuntun sí i, kẹ́ ẹ sì tún tú u wò lẹ́yìn kìlómítà 100.