Ilé Àkọ́gbà ní Lọ́ńdọ̀nù: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ni mo ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àgẹ́ǹtì ní kí n san kọ́ṣọ̀n (owó ìdógò ilé) oṣù méjì kí n tó gba kọ́kọ́rọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn? — Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀*

Ẹ má tíì san án o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí owó ilé kò bá tó 50,000 pọ́n-ùn lọ́dún, kọ́ṣọ̀n kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ 5 lọ. Ẹ sọ owó oṣù kan di ìlọ́po 12, ẹ pín in sọ́nà 52, kí ẹ wá mú ìlọ́po 5 rẹ̀. Ilé tó jẹ́ 1,200 pọ́n-ùn lóṣù, kọ́ṣọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,384 lọ. 2,400 ni àgẹ́ǹtì yín ń bèèrè! Láàárín ọjọ́ 30 tí onílé bá gbowó, ó gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì kọ ọ́ fún yín ibi tó fi í sí. Àmọ́ òfin fífi owó sábẹ́ ètò yìí kò kan yàrá inú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbà lọ́wọ́ ojúlùmọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ojú ṣojú sanwó. Báńkì ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì ṣe àgírímẹ̀ǹtì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri, ibùsùn, inú fíríìjì àti nọ́ńbà ojú mítà iná àti gáàsì. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí àgẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má baà san gbèsè ẹni tó kó jáde.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín lọ́wọ́ yunifásítì fún ìjọba ìbílẹ̀. Ilé tó jẹ́ kìkì akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún ló ń gbé inú rẹ̀ kì í san council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà. Bí òṣìṣẹ́ kan péré bá wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

*Ọmọ mi obìnrin ní nǹkan dúdú ń hù lára ògiri yàrá òun, ilé náà kì í sì í móoru. Ọkàn mi ò balẹ̀. — Ìyá kan, Iléṣà*

Ẹ kú àmójútó ọmọ, mà. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu ni ògiri náà ń bu. Òtútù ń mú kí àwọn ọmọ wa ti fèrèsé pa, wọ́n á se ẹran fún wákàtí méjì, wọ́n á sá aṣọ tútù sórí irin amúlégbóná. Gbogbo oru yẹn kò ríbi gbà jáde, ó ń di omi lára ògiri tó tutù. Kó máa ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti lálẹ́, kó máa dé ìkòkò, kó sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òjò ló ń jò wọlé, iṣẹ́ onílé nìyẹn: kó kọ̀wé sí i, kó fi fọ́tò sí i.

Ní ti ooru, kó wo ojú ìwọ̀n ara bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi inú irin amúlégbóná gbóná. Nígbà tí bọ́ílà bá tutù, ó yẹ kó wà láàárín bar 1 sí 1.5. Bó bá wálẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ bọ́ílà kì í tàn. Bí irin amúlégbóná bá gbóná nísàlẹ̀ tó tutù lókè, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Kó pa bọ́ílà, kó dúró kí irin tutù, kó fi kọ́kọ́rọ́ kékeré rẹ̀ tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìlàrin yíyí. Yóò dún ṣìììì. Bí omi bá ti yọ, kó dì í padà, kó tún wo ìwọ̀n náà. Kó má ṣe tú ara bọ́ílà fúnra rẹ̀ láéláé: ẹni tó ní ìwé àṣẹ gáàsì nìkan ló lè fọwọ́ kàn án.

*Báwo ni ẹni tí kò lówó ṣe lè mọ ìlú náà? — Òǹkàwé, Iléṣà*

Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀. 1.75 pọ́n-ùn ni ní 2025, ẹ sì lè pààrọ̀ bọ́ọ̀sì láàárín wákàtí kan láìsan òmíràn, bó bá jẹ́ káàdì kan náà lẹ fi ń san án. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Ẹ má gbára lé àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ jù: láti Leicester Square dé Covent Garden kò tó 300 mítà, ẹsẹ̀ á gbé yín débẹ̀ kí ẹ tó dúró de ọkọ̀.

Rye Lane ní Peckham ni ẹ ti máa rí èlùbọ́, iṣu àti epo pupa. Ẹ má di pọ̀nmọ́ tàbí ẹran gbígbẹ láti ilé. Òfin wọn kò gbà á, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ má sì ṣàì dé British Museum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀fẹ́ ni. Yàrá 25, nísàlẹ̀, ni ti Áfíríkà. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà lọ́wọ́ wọn. Ọdún kejì ló dé ọwọ́ wọn.