Kọ̀ǹpútà tókùnbọ̀ mi kọ̀, kò gba àtúnṣe ààbò Windows. Kí ló fà á?

Ẹ ní desktop tí ẹ rà ní Dùgbẹ̀ kò gba àtúnṣe ààbò, bẹ́ẹ̀ data wà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo aago tó wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá ń fi ọdún tó ti kọjá hàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. Kọ̀ǹpútà máa ń yẹ certificate (ìwé ẹ̀rí ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì) sáfà Microsoft, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pín àtúnṣe, wò kó tó gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Certificate yìí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí aago bá ti ṣì, ayédèrú ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí.

Ohun tó sábà ń fà á ni bátìrì CR2032, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, tó wà lára motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni aago á padà sẹ́yìn, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀; ẹ yọ wáyà iná kúrò kí ẹ tó ṣí i o. Lẹ́yìn náà, ẹ tún aago ṣe, kí ẹ yan West Central Africa, UTC+1.

Bó bá jẹ́ hotspot fóònù lẹ ń lò, ẹ pa Metered connection (ètò tó ń dín data tí Windows ń lò kù, tó sì lè dá àtúnṣe dúró) nínú Settings. Ẹ tún wò ó bóyá ààyè ṣì wà nínú disk, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí, fún àtúnṣe náà.

Àmọ́ bó bá jẹ́ Windows 10, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ láti October 14, 2025, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Extended Security Updates, ìyẹn ètò àfikún àtúnṣe ààbò. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ má fi í wọ àkáǹtì báńkì yín.