Báńgà ọdún: lẹ́tà káńsù ò lè gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Muṣin fẹ́ yin báńgà lálẹ́ ọdún tuntun. Alága káńsù ní òun á fọwọ́ sí lẹ́tà fún wa, àmọ́ àwọn bàbá onílé ní ọlọ́pàá á kó wa. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ṣebí gbangba ni wọ́n ń tà á ní Ìdúmọ̀tà.

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́ ti àwọn bàbá onílé. Ohun tí ò sí lọ́wọ́ alága ló fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ọ̀rọ̀ ìbọn, ọta àti ohun abúgbàù wà lára ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òun gan-an ló ṣìkejì nínú àkọsílẹ̀ náà. Òfin ohun abúgbàù ti 1964 sì ka báńgà mọ́ wọn. Ọjà, ibùdókọ̀, sísọ títì lórúkọ: ìwọ̀nyẹn ni káńsù láṣẹ lé lórí. Bí wọ́n bá mú yín, lẹ́tà alága á kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ ti ń gbèrò ẹ̀ tipẹ́ ni.

Ti Ìdúmọ̀tà ńkọ́? Pé wọ́n ń tà á ní gbangba ò ní kó bófin mu. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá 2012, ilé kan tí wọ́n kó irú ọjà yìí pamọ́ sí ní Jankara níbẹ̀ bú gbàù, iná ran àwọn ilé tó yí i ká, ẹ̀mí bọ́, ọ̀pọ̀ sì fara pa.

Ọlọ́pàá Èkó kì í yé kìlọ̀ lórí ẹ̀ bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé. Mo dá wọn láre: ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí lóru, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìró báńgà yàtọ̀ sí tìbọn adigunjalè?

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń tàn lójú ọ̀run bíi ti Victoria Island, kó wá iléeṣẹ́ tó níwèé àṣẹ, kó sì bá ọlọ́pàá sọ ọ́ ṣáájú.

Bọ́mọ ilé bá ti rà á ná, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ìwé ara ẹ̀ láti gbọn ẹ̀tù inú ẹ̀ jọ. Bó bá jó ẹnikẹ́ni, omi ẹ̀rọ tó tutù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín ra á. Kẹ́ ẹ wá pe 767 tàbí 112.