Ọmọ oṣù 14 tí ò tíì rìn: ẹ wo ọrùn kẹ́ ẹ tó wo ẹsẹ̀

Okun o, ìyá ọmọ. Mo rí ìbéèrè yín pé ọmọ yín ti pé oṣù 14, kò tíì rìn, ọmọ ará ilé yín ní Kàbà níbẹ̀ ti ń sáré kiri, ìyá ọkọ yín sì ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ìbàdí kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá màmá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má rì í mọ́ ihò kankan. Oṣù 14 ò tíì pẹ́ jù. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣọ́ àwọn ọmọ tára wọn le láwọn orílẹ̀-èdè kan, Gánà wà lára wọn, wọ́n gbé e jáde ní 2006: àwọn kan ti ń dá rìn ní bí oṣù 8, àwọn míì sún mọ́ oṣù 18 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀, kò sì sóhun tó ṣe wọ́n.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá nǹkan ń tẹ̀ lé ara wọn. Látorí lara ọmọ ti ń le bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ọrùn á kọ́kọ́ dúró ní bí oṣù 4, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, á dá jókòó ní bí oṣù 9 ó pẹ́ tán, á wá máa di àga mú dìde, ẹsẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ti àárín ara lọ sí ìka: á kọ́kọ́ máa fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ wọ́ nǹkan, tó bá wá ń sún mọ́ ọdún kan lẹ ó rí i tó ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣa hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo nílẹ̀ (ẹ tètè gbà á o, ẹnu ló ń gbé e lọ). Àwọn kan ò ní rákò rárá, ìyẹn ò burú.

Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ọjọ́ kejì tí mo bí àkọ́bí mi ní Ìsánlú níbí lojú ẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀. Oòrùn wo? Ó pọ́n látojú dé àyà, dé ikùn, dé àtẹ́lẹsẹ̀, kẹ́nì kan tó dárúkọ iná búlúù tí wọ́n ń tan sọ́mọ lára, ìgbà tó fi máa débẹ̀ kò mu ọmú mọ́, ó ti ń tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ bí ọrun. A gbà á là, a dúpẹ́, àmọ́ ara pípọ́n yẹn ti ṣe ọpọlọ ẹ̀ léṣe. Ó wá ku ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, mo di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, mo fà á dìde níwájú nọ́ọ̀sì, orí ẹ̀ já sẹ́yìn gbì, obìnrin yẹn ò gbójú kúrò lára káàdì, ó ní "Madam, ó wọ̀n dáadáa, ọkùnrin máa ń lọ́ra." Wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á gún un, wọ́n á kọ nǹkan sínú káàdì, ó parí! Ní oṣù 9, dókítà kan ní á dàgbà kọjá ẹ̀. Ọpọlọ tó ti fara pa, ta ló ń dàgbà kọjá ẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ ọmọdé lè kọ́ ọ̀nà míì téèyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀, oṣù tí wọ́n ń fi "á dàgbà kọjá ẹ̀" jẹ yẹn gan-an ló níye lórí jù. Ọ̀já méjì ni mo fi ń pọ̀n ọ́n gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, ọ̀kan nídìí, ọ̀kan gba orí ẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni obìnrin físíò kan (àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé ara) ti ká ìró sábẹ́ àyà ẹ̀, ó dà á dojúbolẹ̀, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ lókè kó lè máa gbórí wá a. Ojoojúmọ́ la ń ṣe é nílé. Ó ń rìn báyìí, ó ń lọ sílé ìwé, ẹsẹ̀ òsì ló ṣì ń fi ọmọ ìka tẹlẹ̀.

Ẹ̀yin aláboyún tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ò gba òórùn ẹ̀, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ títí tí wọ́n á fi pọ́n. Èyí tó bá sì ti ń pọ́n kó tó pé ọjọ́ kan láyé, ẹ má dúró de oòrùn, ẹ gbé e lọ. Wọ́kà onítáyà yẹn náà, ìyẹn àga tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kó lè máa yí kiri, Kánádà ti fòfin de títà ẹ̀ láti 2004, kì í mú ọmọ tètè rìn.

Ọmọ tí ò pé oṣù kẹ́ ẹ tó bí i, ẹ yọ iye oṣù tó kù kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀.

Tó bá ń le gbagidi tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kọ́ra bí wọ́n bá gbé e dúró, tó jẹ́ ọwọ́ kan péré ló ń lò, tàbí ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló wá gbàgbé, ẹ má dúró de oṣù 18. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé físíò fún yín, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa mú un bọ̀, ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ ọ́. Ṣé ó ń dá jókòó? Ṣé ó ń di nǹkan mú dìde? Ẹ tètè fèsì, ìyá ọmọ.